Owó Tí Ìyá Onísúwẹ́tà Fi Sí Ọmọ Mi Lọ́wọ́

Ẹni tó bá ti ta tòmátò ní Mile 12 rí kì í gba ọ̀fẹ́ láìyẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò. Bí apẹ̀rẹ̀ bá ti Òkè Ọya dé, èyí tó wà lókè á pupa, á máa dán, á máa rẹ́rìn-ín sí ọ bí ọkọ ìyàwó. Ti ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀: omi, ìdin, òórùn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé lọ́jọ́ tí ọkọ mi ti ibi iṣẹ́ dé, tó ní ọ̀gá òun yá wa ní ilé kan lábúlé kan ní Scotland, pé ká gbé ọmọ wa lọ síbẹ̀ lọ sinmi fún ọ̀sẹ̀ kan, lọ́fẹ̀ẹ́, ohun tí mo kọ́kọ́ bi í ni pé:

"Ta ló kú síbẹ̀?"

Ó ní, "Ìyá ọ̀gá ni."

"Ẹ ò rí i?"

"Ìyá arúgbó ni, wọ́n gbó kí wọ́n tó lọ. Ilé wọn ló ṣófo. Ọ̀gá ní ojú mi ti pọ́n jù, pé òun mọ̀ pé ọmọ tuntun ò jẹ́ ká sùn. Họ́lídè ni, Ìyá Àwáwù. Àwọn òyìnbó máa ń lọ."

Họ́lídè. Nílé wa, bí o bá rí ará Èkó tó ń lọ sí abúlé, òkú ló fẹ́ lọ sin, tàbí ọdún ló fẹ́ lọ ṣe, tàbí ó jẹ gbèsè. Mi ò tí ì rí ẹni tó palẹ̀ ẹrù mọ́, tó pọn ọmọ olóṣù márùn-ún, tó lọ sí oko olóko torí pé ó fẹ́ lọ jókòó.

Ṣùgbọ́n mo ti mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ náà. Aunty Sìkírá, ará Alápẹ̀rẹ̀ tá a jọ ń gbé àdúgbò kan náà ní Lọ́ńdọ̀nù, ń múra àtilọ sílé, ọkọ mi sì ti bá a sọ ọ́ pé kó gbé Àwáwù dání lọ fún ìyá mi ní Ìkòsì. Ọ̀pọ̀ wa ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn. O bímọ, o fi ránṣẹ́ sílé, o padà sẹ́nu iṣẹ́. Bí ọmọ bá gbọ́n tán, á padà wá, á máa pè ọ́ ní Aunty. Iṣẹ́ ìgbálẹ̀ ọ́fíìsì ni mò ń ṣe, láàárọ̀ kùtù. Tí n bá ní kí ẹnì kan bá mi tọ́jú ọmọ, gbogbo owó iṣẹ́ náà ló máa gbà, á tún bojú wo àpò mi bóyá ó kù. Mi ò tí ì dáhùn pé kí ọmọ lọ, mi ò sì tí ì dáhùn pé kó má lọ. Ni mo bá ń wo ọkọ mi láti òkè délẹ̀. Ṣé kì í ṣe pé họ́lídè yìí ni iyọ̀ tí wọ́n ń fún ewúrẹ́ lá kí wọ́n tó dè é?

Mo ní, "Ẹ má fi abúlé tàn mí o."

Ó ní, "Ìwọ náà, gbogbo nǹkan lò ń fura sí."

Mo ní, "Ìfura loògùn àgbà. Ẹni tí kò fura ni wọ́n ń ta tòmátò jíjẹrà fún."

Kì í ṣe pé wọ́n bí ìfura mọ́ mi. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Lọ́ńdọ̀nù, gbogbo ẹni tí mo bá pàdé lórí àtẹ̀gùn ilé wa ni mò ń kí. Bàbá kan wà lókè wa, mo kí i pẹ̀lú ẹ̀rín, ó fọwọ́ kan àpò rẹ̀ wò bóyá pọ́ọ̀sì rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti kó ìkíni mi sápò. Ẹ ò kí mi, mi ò kí yín, ẹ jẹ́ ká jọ máa gun àtẹ̀gùn lọ.

Nígbà tí mo wá bí Àwáwù, a ṣe ìsọmọlórúkọ rẹ̀ nínú pálọ̀. Àwọn tó wá ò kún sófà. Bí Àlùfáà ṣe ń ṣàdúrà lọ́wọ́, tá a ṣe "Àmín" kan tó dún dáadáa, aládùúgbò wa lu ògiri, gbà! gbà! Àdúrà yẹn há Àlùfáà lọ́nà ọ̀fun. Mo rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n nígbà tí mo wọ yàrá lọ, mo sunkún díẹ̀.

Tó bá ṣe pé Ìkòsì ni! Gbogbo àwọn aláta ìlà wa ni ìbá da aṣọ bo ọjà wọn kí wọ́n wá wo ọmọ. Ìyá mi, Màámi, ìbá sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà, torí Màámi kì í wo ojú ẹni tó wá kí ọmọ tuntun, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Wọ́n á ní, "Ọwọ́ òfìfo kì í kí ìkókó." Obìnrin kan wà tó wá wo àbúrò mi ìkẹyìn láìmú nǹkan kan dání. Àbúrò mi ti ń fá irùngbọ̀n báyìí, Màámi ò tí ì gbàgbé.

Lọ́ńdọ̀nù, ẹnì kan ṣoṣo ló mú nǹkan wá, ẹni náà ò sì kan ilẹ̀kùn. Mo ṣílẹ̀kùn láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá àpò aṣọ ọmọ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n ká a, kò sí orúkọ lára rẹ̀. Mo dúró, mo ń wò ó. Ta ni? Kí ló dé tí kò kànkùn? Ọmọ tó kọ́kọ́ wọ aṣọ yìí ńkọ́, ṣé ó wà láyé? Mo fi igi ìgbálẹ̀ tì í títí ó fi dé ibi ìdalẹ̀nù.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe wà. Yàtọ̀ sí nọ́ọ̀sì àti Àlùfáà, kò sí ẹni tó gbé ọmọ mi mọ́ra rí nílùú yẹn àfi èmi àti bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ pàápàá, bí ẹni gbé ike ẹyin ló ṣe ń gbé e.

A dé abúlé náà. Òkúta ni wọ́n fi kọ́ ilé, ilẹ̀kùn rẹ̀ kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ mi fi iwájú orí kí i. Ẹ tún gbọ́: abẹ́ ìkòkò òdòdó ni kọ́kọ́rọ́ wà, níta gbangba, gbogbo abúlé ló sì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ní Ketu tiwa ní Èkó, wọ́n á gbé kọ́kọ́rọ́, wọ́n á gbé ìkòkò, wọ́n á tún padà wá ṣa òdòdó tó já bọ́ sílẹ̀.

Mo yẹ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wò. Mo ṣí gbogbo dúrọ́ọ̀. Fọ́tò ìyá ọ̀gá wà lára ògiri, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ọmọ mi. Mo ní, "Màmá, ẹ ti rí wa, ó ti tó bẹ́ẹ̀," mo bá yí wọn kọjú sí ògiri.

Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ibẹ̀ ló le jù. Kò sí jẹnẹrétọ̀, kò sí fèrè ọkọ̀, kò sí ẹni tó ń bú ẹnì kankan. Àgùntàn nìkan ló wà lẹ́yìn ọgbà, wọ́n dúró, wọ́n ń wò wá bíi pé a jẹ ìyá wọn lówó. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí. Mo bi ọkọ mi pé, "Tí wọ́n bá wá pa wá síbí, ta ló máa mọ̀?" Ó ní, "Ìyá Àwáwù, jọ̀ọ́, lọ gbé ọbẹ̀ kaná."

Mo ń ro ọbẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ igbe. Ó ké, ó ké, ọwọ́ mi kún fún ata. Ìgbà tí mo yíjú padà, ọkọ mi, ẹni tó máa ń ní ọkùnrin kì í so ọ̀já, ti tẹ̀ ba, ó ń wá bó ṣe máa gbé ọmọ sẹ́yìn. Mo bá a fa ọ̀já náà le.

Ó ní, "Má rẹ́rìn-ín o. Kò sí ọmọ Yorùbá kankan tó máa rí mi níbí."

Ó jáde sí ọgbà, ó ń jó díẹ̀díẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn àgùntàn. Kí ọbẹ̀ tó hó, Àwáwù ti sùn. Mo wò wọ́n láti ojú fèrèsé, mo sì ronú pé apẹ̀rẹ̀ yìí, bóyá ìsàlẹ̀ rẹ̀ ò tí ì jẹrà tán.

Ọjọ́ kejì ni ìyá náà yọ. Ilé tó tẹ̀ lé tiwa ló ń gbé, arúgbó òyìnbó kan, tó wọ súwẹ́tà lé súwẹ́tà. Ìyá Onísúwẹ́tà ni mo sọ ọ́. A gbé Àwáwù sínú kẹ̀kẹ́ ọmọ níwájú ilé, ó bá rọra rìn wá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ òyìnbó kan tó ń há a lẹ́nu bí egungun ẹja, èmi ò gbọ́ ọ, ọkọ mi náà ń mi orí bí ẹni gbọ́. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ìyá yìí ti ki ọwọ́ bọ àpò, ó yọ owó fàdákà kan, ó fi lé ọmọ mi lọ́wọ́, ó fi ìka tirẹ̀ pa ìka ọmọ dé. Ó ń sọ nǹkan kan wúyẹ́wúyẹ́. Ó rẹ́rìn-ín. Ó lọ.

Ẹ gbọ́ mi. Ẹni tó bá dàgbà sí Ketu mọ̀ pé tí o bá mú owó tí o kò mọ orísun rẹ̀, iṣu lo máa dì. Mi ò rí ẹni tó di iṣu rí o. Ṣùgbọ́n mo mọ àwọn tó mọ ẹni tó rí i. Ẹ tún wá fojú wo owó tí àlejò fi lé ìkókó lọ́wọ́, tó pa á dé, tó sì pe nǹkan lé e lórí!

Mo gbọn ọwọ́ Àwáwù. Kò jù ú sílẹ̀. Mo gbọn ọ́n títí owó já bọ́ sínú koríko. Mi ò fọwọ́ kàn án. Mo wọlé lọ mú ṣíbí, mo fi ṣíbí bù ú sínú ọ̀rá, mo ta ọ̀rá náà ní kókó méjì.

Ọkọ mi ní, "Ìyá arúgbó fún ọmọ lówó, o fi ṣíbí bù ú?"

Mo ní, "Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dáhùn pé ẹ gbọ́ ohun tó sọ. Kí ló sọ?"

Ó yíjú sí àwọn àgùntàn.

Àpótí tẹlifóònù pupa kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Mo mú káàdì ìpè mi, mo pe Màámi. Mo ń gbọ́ Ìkòsì lẹ́yìn wọn, àwọn ọmọ ń pariwo, ẹnì kan ń pe alábàárù.

"Màámi, ìyá òyìnbó kan fi owó sí Àwáwù lọ́wọ́."

"Ó bi ọ́ kó tó fi sí i?"

"Kò bi mí."

"Ó pa ọwọ́ rẹ̀ dé?"

"Ó pa á dé, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ sí i."

"Yéè! Ó ti fẹ́ rà á!" Ohùn wọn gba inú àpótí náà kan. "Gbé owó yẹn padà fún un lónìí olónìí. Má fi ọwọ́ òsì gbé e. Má jókòó nílé rẹ̀. Tó o bá ti gbé e kalẹ̀, má wẹ̀yìn. Ṣó o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Màámi."

"Kí Sìkírá sì gbé ọmọ mi bọ̀ nílé kíá kí wọ́n tó fi í ṣe nǹkan. Mo ti ra abọ́ ìwẹ̀ rẹ̀, aláwọ̀ ewé. Gbogbo ìlà aláta ló ti wá wò ó."

Mo dúró níbẹ̀, mo gbé fóònù dání lẹ́yìn tí wọ́n ti lọ. Ohun tí ọkọ mi ti fi oṣù kan bẹ̀ mí sí, owó fàdákà kan ṣoṣo ló parí rẹ̀. Ọmọ yìí máa lọ sílé. Ilẹ̀ yìí ò mọ̀ ọ́n, ẹni tó sì fẹ́ mọ̀ ọ́n, mi ò mọ ohun tó fẹ́ fi í ṣe.

Mo pọn Àwáwù, mo mú ọ̀rá mi, mo lọ kan ilẹ̀kùn Ìyá Onísúwẹ́tà. Ó ṣílẹ̀kùn, inú rẹ̀ dùn, ó nawọ́ sínú ilé pé kí n wá mu tíì. Mi ò wọlé. Mo tú ọ̀rá, mo da owó náà sórí òkúta ojú fèrèsé rẹ̀.

Mo ní, "No, thank you."

Ojú rẹ̀ yí padà. Ó wo owó, ó wo èmi, ó wo orí ọmọ tó yọ lẹ́yìn mi. Ó rọra ti ilẹ̀kùn rẹ̀, bí ẹni tí ọmọ ń sùn nílé rẹ̀. Mi ò wẹ̀yìn, gẹ́gẹ́ bí Màámi ṣe wí. Ṣùgbọ́n títì jẹ́jẹ́ tó ti ilẹ̀kùn yẹn ń dà mí láàmú. Ẹni tí o bá tú àṣírí rẹ̀ á bú ọ, á gbá ilẹ̀kùn. Ta ló ń fi ọ̀wọ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó ba òwò rẹ̀ jẹ́?

Òjò rọ̀ mọ́jú. Lọ́jọ́ kẹta búrẹ́dì tán, a bá gbé ọmọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo tó wà lábúlé náà. Bí ọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù ṣe rí Àwáwù, ó dá búrẹ́dì tó ń dì dúró. Ó nu ọwọ́, ó ṣí àpótí owó, ó mú owó fàdákà kan, ó bọ́ síta láti ẹ̀yìn káńtà. Ó fi sí ọmọ lọ́wọ́. Ó pa á dé.

Kí n tó la ẹnu, bàbá kan tó fa ajá dání nídìí ìwé ìròyìn ti ń wá inú àpò ẹ̀wù rẹ̀, ó ń tọrọ gáfárà pé òun ò rí fàdákà, ó tún ń wá inú àpò kejì.

Ó yé mi kedere. Wọ́n ti dáwó! Gbogbo abúlé ti dáwó jọ láti ra ọmọ mi!

Mo figbe ta: "Ẹ gbà mí o! Bàbá Àwáwù, wọ́n ti ń san án díẹ̀díẹ̀!" Mo já ọmọ gbà nínú kẹ̀kẹ́, ajá bẹ̀rẹ̀ sí í gbó, bàbá alájá kọsẹ̀ lára apẹ̀rẹ̀ ọ̀dùnkún. Ọkọ mi dijú bí ẹni tó fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé òun mì.

Oníṣọ́ọ̀bù gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè. Ó wá ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fi ṣíbí bọ́ ọmọ, ọkọ mi ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi.

"Ó ní tí ọmọ tuntun bá dé ọ̀dọ̀ àwọn, ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i gbọ́dọ̀ fi fàdákà sí i lọ́wọ́. Ó ní àwọn kì í jẹ́ kí ọwọ́ ọmọ ṣófo."

"Nítorí kí ni?"

"Kó má baà tòṣì láyé. Ó ní tí ọmọ bá dì í mú pinpin, á mọ owó tọ́jú. Tó bá jù ú nù, ọ̀làwọ́ ni." Ọkọ mi gbọ́ díẹ̀ sí i. "Ó ní ìyá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló máa ń ṣáájú gbogbo àwọn. Ó ní ọmọ tí ọmọ rẹ̀ bí wà ní Australia, nínú fọ́tò nìkan ló ti rí i. Ó ń bi wá bóyá ìyá náà ti wá kí wa."

Ọkọ mi bá wojú mi.

Mo gbé ọmọ mi dání. Ọwọ́ òfìfo kì í kí ìkókó. Ṣebí Màámi ló ń sọ̀rọ̀ yìí, tí wọ́n kàn gbé ìrísí ọkùnrin òyìnbó wọ̀! Ọkọ mi ò sì ní láti tún túmọ̀ èyí tó kù fún mi. Èmi náà mọ ohun tó túmọ̀ sí nílé wa tí ẹnì kan bá mú owó wá kí ọmọ, tí o sì dá a padà fún un lójú ọmọ. O ti sọ fún un pé àdúrà rẹ̀ ń rùn. Àwọn méjì wà nílé wa ní Ìkòsì tí wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́ títí di òní nítorí irú ẹ̀.

Èyí tó tún dùn mí ni àpò aṣọ yẹn ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tó fọ̀ ọ́, tó ká a. Bóyá òun náà dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn rẹ̀, tó ń gbọ́ bí mo ṣe ń fi igi ìgbálẹ̀ tì í lọ.

A ò dé ilé tiwa, ilé Ìyá Onísúwẹ́tà la gbà lọ tààrà. Owó náà ṣì wà lórí òkúta ojú fèrèsé níbi tí mo dà á sí gan-an. Òjò ti rọ̀ sí i, ewé kan ti lẹ̀ mọ́ ọn. Ìyá náà, wọn ò fọwọ́ kàn án.

Bí wọ́n ṣe ṣílẹ̀kùn, mo kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. Ìyá náà rò pé mo ṣubú ni. Wọ́n pariwo, wọ́n di apá mi mú, wọ́n ń fà mí sókè. Èmi ń kúnlẹ̀, wọ́n ń gbé mi dìde. Mo tún kúnlẹ̀, wọ́n tún gbé mi. Ọkọ mi dúró lẹ́yìn, ó ń sọ fún wọn lóyìnbó pé, "Ó ń bẹ̀ yín ni, Mummy, ó ń bẹ̀ yín ni," ẹ̀rín sì ti fẹ́ pa á.

Nígbà tó yé wọn, ọkọ mi bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò mú owó wọn wọlé. Wọ́n ní wọn kì í gbà á padà. Ẹni tó bá gba fàdákà ọmọ padà sọ́wọ́ ara rẹ̀, oríire ọmọ náà ló gbà. Wọ́n ní ẹ̀rù rẹ̀ ń ba àwọn. Láti àná, ẹ̀yìnkùlé ni àwọn ń gbà jáde kí àwọn má baà kọjá lára rẹ̀.

Ẹ wò ó! Èmi fi ṣíbí bù ú, àwọn ń gba ẹ̀yìnkùlé nítorí rẹ̀. Owó kan náà ló ń lé àwa méjèèjì kiri.

Mo tú ọ̀já, mo gbé Àwáwù lé wọn lọ́wọ́. Kò ké. Ó ń fa òwú súwẹ́tà wọn yọ. Ìyá náà gbé àgbọ̀n lé e lórí, wọ́n dijú. Mo fi ọwọ́ ọ̀tún mú owó náà lójú fèrèsé, mo fi aṣọ mi nù ún. Kí n tó fi lé ọmọ mi lọ́wọ́, mo fi eyín gé e wò. Ẹ má bínú. Ìfura ò lè tán lára mi lọ́jọ́ kan.

Nígbà tá a ń padà lọ sílé, mo sọ fún ọkọ mi pé, "Mo máa yí iṣẹ́ mi sí ìrọ̀lẹ́. Tẹ́ ẹ bá ti dé, ẹ̀yin lẹ máa gbé e."

Ó rìn díẹ̀. "Ní Lọ́ńdọ̀nù? Pẹ̀lú ọ̀já?"

"Pẹ̀lú ọ̀já."

"A máa ti kọ́tìnì pa."

Mo ní, "Ẹ ti kọ́tìnì pa."

Mo padà lọ sí àpótí pupa. "Màámi, mo ti gba owó yẹn padà."

"O ṣe kí ni?"

"Owó tí wọ́n fi ń kí ọmọ tuntun ni. Àwọn náà kì í fi ọwọ́ òfìfo kí ìkókó, Màámi. Bíi tiyín gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe ń ṣe é."

Alábàárù kan ń bínú lẹ́yìn wọn.

Mo ní, "Aunty Sìkírá máa bọ̀ o. Ṣùgbọ́n òun nìkan ló ń bọ̀."

"Mo mọ̀. Wọ́n ti rà á."

"Wọn ò rà á, Màámi."

"Ta ló máa mú un tó o bá lọ síbi iṣẹ́?"

"Bàbá rẹ̀. Ó ti ń pọn ọ́n."

"Ọkọ rẹ? Ó pọn ọmọ? Lójú ta?"

"Lójú àgùntàn."

Màámi ò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín bọ́ mọ́ wọn lẹ́nu. Nígbà tí ẹ̀rín náà rọlẹ̀, wọ́n ní, "Abọ́ ìwẹ̀ tí mo rà yẹn, màá máa fi fọ ata." Wọ́n fa imú. Mo kàn ń wo káàdì ìpè tó ń tán lọ.

"Owó fàdákà yẹn," ni wọ́n wá wí, ohùn wọn ti padà di ti ọjà, "ṣé ó dì í mú?"

"Ó dì í mú, Màámi. Mo fẹ́ gbà á kó má baà fi í sẹ́nu, ó figbe ta."

"Hẹn-ẹn. Ọmọ ọlọ́jà ni. Fi í sílẹ̀ níbẹ̀, kó gba tọwọ́ wọn dáadáa."